Ìsinmi Ọ̀fẹ́ fún Ìdílé Ọmọ Tó Ń Ṣàìsàn Líle: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Nídìí Fọ́ọ̀mù

Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń fún ìdílé ọmọ tó ń ṣàìsàn líle ní ìsinmi ọ̀fẹ́ pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju bí ọ̀pọ̀ òbí wa tó ń gbé London ṣe rò lọ. Kì í sábà jẹ́ àìsí àyè ló ń dí wọn lọ́wọ́, fọ́ọ̀mù ni. Látìgbà tí mo ti ń bá àwọn òbí jókòó ti fọ́ọ̀mù wọ̀nyí, ibì kan náà ni wọ́n ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á bi ìyá pé báwo lọmọ ṣe ń sùn lóru, ìyá á kọ ọ́ síbẹ̀ pé dáadáa ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá yìí kan náà ló ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru láti fún ọmọ lómi àti oògùn ìrora. Irọ́ kọ́ ló pa. Bí a ṣe ń dáhùn nílé wa nìyẹn, a kì í to àìsàn ọmọ sójú ọjà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń ka fọ́ọ̀mù náà kò mọ̀ yín rí. Ohun tó bá wà lórí ìwé ló máa fi pinnu bóyá kí yàrá ọmọ náà sún mọ́ ti nọ́ọ̀sì, bóyá kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ lóru, tàbí bóyá ìdílé yín ló yẹ kó wà níwájú nínú àwọn tó ń retí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìsinmi tí ẹ ń wá, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Irú kan ni àgọ́ tí ọmọ ń lọ láìsí òbí. Òṣèré ará Amẹ́ríkà nì, Paul Newman, ló dá ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Connecticut ní 1988, Hole in the Wall Gang Camp. Barretstown ní Ireland tẹ̀ lé e ní 1994, nígbà tó sì di 1999 Over The Wall bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú àgọ́ náà fúnra rẹ̀, oògùn sì ń lọ déédéé bí wọ́n ṣe ń ṣeré. Over The Wall tún máa ń ṣe àgọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ tó ń ṣàìsàn, àti fún ìdílé lódindi. Fún àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, Sickle Cell Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, náà máa ń ṣètò ìsinmi àwọn ọmọdé.

Irú kejì ni hospice ọmọdé, orúkọ yìí gan-an ló sì ń lé àwọn òbí wa sá. Wọ́n rò pé ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ kú sí ni. Helen House tí wọ́n ṣí ní Oxford ní 1982 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló sì ti jẹ́ pé ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀: ọmọ á wá lò bí òru mélòó kan, á padà sílé, á tún wá nígbà mìíràn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí lè sùn nínú ilé kan náà, nọ́ọ̀sì ló máa gba òru ṣe. Fún àwọn tó ń gbé Woolwich tàbí Thamesmead, Demelza ní ilé kan ní Eltham, ìtòsí ni. Bó bá jẹ́ oorun lẹ ń wá, mo fi èyí ṣáájú Disney.

Irú kẹta ni kárafáànì tàbí ilé kékeré létí òkun, tí ẹgbẹ́ aláàánú rà tàbí tí wọ́n háyà. Màá padà sórí rẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ ń rí gbà, òun náà sì ni aṣìṣe pọ̀ sí jù.

Ìkẹrin ni ti ẹgbẹ́ tó ń mú ohun tí ọkàn ọmọ ń fẹ́ ṣẹ. Make-A-Wish UK ń gba ọmọ ọdún 3 sí 17. Bí ọmọ bá ti gba ìfẹ́ ọkàn kan lọ́wọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í fún un ní òmíràn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìbátan kan sáré fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ níbi tí ẹ kò tíì rò dáadáa. Abúlé Give Kids The World ní Kissimmee, ìtòsí Orlando, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, máa ń gba ìdílé ọ̀hún lálejò fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kò lè kọ̀wé sí wọn fúnra yín o. Ẹgbẹ́ tó ń mú ìfẹ́ ọkàn ọmọ ṣẹ ló gbọ́dọ̀ rán yín.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, Family Fund ní York, tó ti wà láti 1973, máa ń fún ìdílé tówó ń wọlé fún díẹ̀ ní owó ìrànwọ́, ìsinmi sì wà lára ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Council yín náà ńkọ́? Òfin 2011 kan fi dandan lé e pé kí council kọ̀ọ̀kan ní England gbé ìwé jáde tó sọ irú ìsinmi kúkúrú tó ní fún òbí àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ bèèrè ìwé yẹn ní tààrà. Ẹni tó bá kàn bèèrè pé ṣé ẹ ní ìrànlọ́wọ́, wọ́n á kàn fún un ní nọ́ńbà fóònù mìíràn ni.

Ọ̀rọ̀ físà ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Bí físà yín bá ní ẹ kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba, ìsinmi tàbí owó tí ẹgbẹ́ aláàánú bá ti àpò ara rẹ̀ fún yín kò sí lára owó ìjọba tí físà kà léèwọ̀. DLA ọmọ, ìyẹn owó tí ìjọba ń san nítorí ọmọ aláàbọ̀ ara tàbí aláìsàn, wà lára rẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ rí agbẹjọ́rò kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan fi ìbẹ̀rù yìí jókòó sílé, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ó yá, fọ́ọ̀mù. Òru tó burú jù lẹ máa kọ, kì í ṣe òwúrọ̀ tí ara ọmọ yá gágá. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ ń jí. Ẹ kọ iye ìgbà tí wọ́n dá ọmọ dúró sílé ìwòsàn láàárín oṣù 12 tó kọjá àti ọjọ́ tó jáde gbẹ̀yìn. Ẹ kọ ohun tó máa ń fa ìrora, bóyá òtútù ni, àìmumi tó, tàbí àárẹ̀, àti ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lára. Bó bá jẹ́ wárápá ni, báwo ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó ló ń gbà, oògùn wo lẹ ń fún un, ní ìṣẹ́jú wo? Ọ̀pọ̀ ètò wárápá ló sọ pé kí wọ́n ta midazolam, oògùn tó ń dá gìrì dúró, sí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bí gìrì bá ti lé ní ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó bá kọ pé "a máa ń fún un nígbà mìíràn", wọ́n á dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà ni, ọ̀sẹ̀ méjì sì ti lọ nìyẹn.

Fún ọmọ tó ní sickle cell, ẹ gba nọ́ńbà méjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀: iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (haemoglobin) àti iye ọ́síjìn rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí wàhálà kankan. Ọmọ kan lè wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í kọjá 75 lójoojúmọ́, tó sì ń sáré kiri. Dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí, ní ilé ìwòsàn ìlú kékeré kan létí òkun, lè rò pé àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀, kó sì fa ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ sí i lára. Ẹ tún béèrè lẹ́tà ètò ìrora ọmọ náà, èyí tó sọ oògùn tí wọ́n á kọ́kọ́ lò àti ìwọ̀n rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ jù lọ ni ìtọ̀-sílé. Ojú ń ti ìyá, ojú ń ti ọmọ, kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń tọ̀ sílé, torí àìsàn náà kì í jẹ́ kí kídìnrín lè fa omi padà bó ṣe yẹ, omi tí wọ́n sì ń mu pọ̀. Àgọ́ tó bá mọ̀ ṣáájú á fi rọ́bà tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nídìí oúnjẹ àárọ̀, kò sẹ́ni tó máa fura. Níbi tí wọn ò bá mọ̀, ojú gbogbo ọmọ inú yàrá náà ló máa ṣe.

Ìlà kan tún wà tó ń béèrè oògùn mìíràn tí kì í ṣe ti dókítà. Ibẹ̀ ni àgbo wà. Ẹ kọ ọ́, bó ti wù kó kéré tó, torí ó lè bá oògùn ilé ìwòsàn jà, àwọn nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ má fi í sínú ìgò Lucozade ránṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ. Ohun olómi tí kò ní orúkọ lára, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa ló ń lọ títí ọjọ́ tí ẹ máa wá mú ọmọ.

Bákan náà ni oògùn dókítà. Inú páálí tí ilé oògùn fi fún yín ni kó wà, pẹ̀lú ìwé tó ní orúkọ ọmọ àti iye tó ń lò lára rẹ̀. Àwọn ìyá tó mọ ètò tó máa ń pín in sínú àwọn ọ̀rá kéékèèké, ọ̀rá Ajé, ọ̀rá Ìṣẹ́gun. Nílé ìyẹn dára, nínú àgọ́ nọ́ọ̀sì kò lè fún ọmọ ní oògùn tí kò mọ orísun rẹ̀. Fún ọjọ́ 7, ẹ kó ti ọjọ́ 10 ó kéré tán, kí ẹ sì pín in sí báàgì méjì.

Apá tí dókítà ń kọ ló ń pẹ́ jù. Ẹ má fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba àlejò ní kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó àìsàn ọmọ yín ní pàtó, ẹni tí ẹ lè pè lórí fóònù, ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ padà ní òkè ìwé gàdàgbà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. GP lè gba owó lórí lẹ́tà irú èyí, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, torí ìbéèrè kan náà ni ẹgbẹ́ mìíràn máa bi yín. Ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún fún ìsinmi oṣù kẹjọ ti pẹ́. Oṣù kìíní ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kárafáànì wá kàn. Ìyá tó bá gbé gbogbo iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ kúrò ní Peckham lọ sínú kíṣìnì tó kéré ju ti ilé rẹ̀ lọ létí òkun kò sinmi rárá. Ẹ béèrè iye ènìyàn tó lè sùn nínú rẹ̀, bó bá gba mẹ́fà tí ẹ̀yin sì jẹ́ mẹ́rin, ẹ béèrè bóyá ẹ lè mú àǹtí kan tàbí ìyá àgbà tó mọ ìtọ́jú ọmọ dání. Ẹ pín òru kí ẹ tó kúrò nílé: ta ló ni òru àkọ́kọ́, ta ló ni ìkejì. Bàbá wà nínú kíkà yìí o.

Bí ọmọ bá ń lo wíìṣíà, ọ̀rọ̀ pé ibẹ̀ "wà fún aláàbọ̀ ara" kò tó. Ẹ béèrè bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ̀ tó ní sẹ̀ǹtímítà, ti ìta, ti yàrá àti ti ilé ìwẹ̀. Ẹ wọn wíìṣíà láti eteetí táyà kan dé èkejì, kí ẹ sì fi àyè ọwọ́ ẹni tó ń tì í kún un. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ tó ń gbé ọmọ dìde, ẹ béèrè bí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣe ga tó sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wọlé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kárafáànì sábà máa ń jẹ́ àpótí tó dì títí dé ilẹ̀. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà láti London débẹ̀, kò ní wọlé, ẹ̀yìn bàbá ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ béèrè iye sóketì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí ẹ̀rọ tó ń fún ọmọ lóúnjẹ, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ àti ti ọ́síjìn kò lè pín ẹyọ kan.

Ọ́síjìn tí ẹ ń lò nílé, ilé iṣẹ́ tó ń gbé e wá fún yín lè gbé e lọ sí ibi ìsinmi nínú ìlú yìí, bí nọ́ọ̀sì bá ti fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbé oúnjẹ olómi wá. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ kọ postcode ibẹ̀ àti nọ́ńbà kárafáànì yín sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Áḿbúláǹsì á rí ọgbà náà, ṣùgbọ́n kárafáànì bí ọgọ́rùn-ún ló jọra nínú òkùnkùn, ẹni tó bá ń pe 999 lóru kì í rántí nọ́ńbà. Ẹ ti wá ilé ìwòsàn tó ń gba ọmọdé ní pàjáwìrì ṣáájú, torí àwọn kan ní ìlú kékeré ń tọ́jú egbò àti eegun tó ṣẹ́ nìkan, wọ́n sì máa ń tì lálẹ́.

Omi tó ti dúró nínú páìpù kárafáànì fún ọjọ́ pípẹ́ lè ní kòkòrò àrùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ omi sàn fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Ọmọ tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ kò gbọdọ̀ wọ hot tub, bó ti wù kó wù ú tó. Bí ó bá ní ọ̀pá Hickman láyà, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba inú rẹ̀ fi oògùn sí i lára, kò gbọdọ̀ wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ọmọ tó bá bá ẹni tó ní ilẹ̀ẹ́gbóná (chickenpox) ṣeré, ẹ pe ilé ìwòsàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí kò bá tíì sí nǹkan lára rẹ̀. Fún ti sickle cell, òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tutù títí kan oṣù kẹjọ, nǹkan bíi 17 sí 18 ni. Kí ọmọ fi ẹsẹ̀ tọ ọ́ wò ti tó. Adágún tí wọ́n móoru dára, bó bá ti jáde kí ẹ nù ún gbẹ kíákíá, kí ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìgbóná ara 38 fún ọmọ méjèèjì yìí, ti jẹjẹrẹ àti ti sickle cell, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe Calpol kí a máa wò ó.

Ti Orlando, pásípọ́ọ̀tù ló ń bà á jẹ́. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Britain lè lo ESTA, àṣẹ ìwọlé tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dípò físà. Ẹni tó ń lo ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Amẹ́ríkà, ìyẹn sì lè pẹ́ ju dídúró de ìsinmi fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Pásípọ́ọ̀tù ọmọ tí kò tíì pé 16 kì í lò ju ọdún 5 lọ. Bí orúkọ ìdílé ìyá àti ti ọmọ bá yàtọ̀, bó ṣe sábà máa ń rí láàárín wa, ẹ mú ìwé ìbí àti lẹ́tà àṣẹ bàbá dání. Oògùn olómi tó ju mílílítà 100 lọ kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú bí lẹ́tà dókítà bá wà. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú fẹ́lẹ́ tó ti orí òkè tó ga ní mítà 2,400, nítorí náà ọmọ sickle cell nílò àyẹ̀wò ṣáájú, omi púpọ̀ àti súwẹ́tà. Àwọn ẹbí á máa sọ pé ẹ gbé ọmọ lọ sí Èkó ní Kérésì dípò wàhálà yìí. Ẹ lè lọ, àmọ́ kí ọmọ lo oògùn ibà: SS kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ibà, AS ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

"Ọ̀fẹ́" kì í sábà kan oúnjẹ, epo ọkọ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tówẹ̀lì àti owó ìwọlé sí ibi eré. Ẹ béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkókò tí wọ́n máa ń fún yín náà sì lè bọ́ sí ìgbà ilé ẹ̀kọ́, torí ìgbà yẹn ni ibùgbé dínwó. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí ẹ tó lọ, pẹ̀lú lẹ́tà ẹgbẹ́ náà àti ti nọ́ọ̀sì. Òun nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Láti oṣù kẹjọ 2024, ìtanràn ọmọ tó lọ láìgbàṣẹ jẹ́ £80 lórí òbí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, á di £160 bí ẹ kò bá san án láàárín ọjọ́ 21.

Bí ara ọmọ kò bá yá ní ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ pe ẹgbẹ́ náà láàárọ̀ kùtù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ irú rẹ̀, wọ́n sì lè fi àyè náà fún ìdílé mìíràn, kí wọ́n tún fún yín ní ọjọ́ tuntun. Àwọn tí kò pè, tí wọn kò sì lọ, ni orúkọ wọn ń bàjẹ́.

Fọ́ọ̀mù kan kù, èyí tí àwọn òbí ń fọwọ́ sí láìkà á: ìwé àṣẹ fọ́tò. Ẹgbẹ́ náà ń fẹ́ fọ́tò láti fi wá owó. Ẹ lè sọ pé rárá, kò kan àyè yín. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àna mọ irú àìsàn tí ọmọ ní, ẹ kọ rárá síbẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì tún sọ ọ́ létí ẹni tó gbé kámẹ́rà nígbà tí ẹ bá dé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ ọ́ pé fọ́tò nìkan, láìsí orúkọ, láìsí orúkọ àìsàn. Ẹ lè gba àṣẹ náà padà nígbàkúùgbà, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Èyí tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé pélébé ni kò ṣe é kó padà mọ́.